Kí ni wọ́n ń kọ́ ní Sosiọ́lọ́jì, ta ló sì tọ̀nà nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ Ìsánlú ni mí, ní ilẹ̀ Okun, ìpínlẹ̀ Kogí. Lọ́ọ̀ ni mo yàn nínú fọ́ọ̀mù JAMB, àmọ́ Sosiọ́lọ́jì ni yunifásítì fún mi. Bàbá mi ní àwọn ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe. Wọ́n ní ṣé torí kí n lè máa pín ìrẹsì fún àwọn aláìní ni àwọn ṣe máa san owó ilé-ìwé ọdún mẹ́rin. Mo yá ìwé kan kà lórí ẹ̀kọ́ náà, orí mi fò lọ. Durkheim sọ tirẹ̀, Marx ní kò rí bẹ́ẹ̀, Weber tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an? Èwo nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kú oríire àbáwọlé. Bá mi kí bàbá rẹ, sọ fún wọn pé ìbéèrè wọn kò bí mi nínú. Ẹni tó fẹ́ náwó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń rà. Màá dé orí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí n tó dákẹ́.

Ohun tí Sosiọ́lọ́jì ń kọ́ ni bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀, àti ohun tí gbígbé pọ̀ yẹn ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe láìfura. Wo àwọn ọmọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà ní ìkóríta yín. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí kò ríṣẹ́, a lè ní ọ̀lẹ ni, a lè ní ayé ló ń bá a jà, a lè mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Bó bá wá jẹ́ pé bí o ṣe ń rí i ní Ìsánlú lo ń rí i ní Mọ́pà, ní Ìyàrà, ní Kàbà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ọ̀lẹ nìyẹn. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ C. Wright Mills ló là á yé èèyàn jù, nínú ìwé The Sociological Imagination tó kọ lọ́dún 1959. Ó ní bí ẹnì kan péré bá wà láìníṣẹ́ nínú ìlú tó ní 100,000 èèyàn, ìṣòro tirẹ̀ ni, ká wo ìwà rẹ̀ àti ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ bí mílíọ̀nù 15 bá wà láìníṣẹ́ nínú mílíọ̀nù 50 òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè kan, kò sí ìwà ẹnikẹ́ni tí a lè tú wò tí a ó ti rí ojútùú. Ibi tí ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Pípín ìrẹsì tí bàbá rẹ ń sọ, ẹ̀ka mìíràn ló ni ín, iṣẹ́ iyì sì ni. Àwọn yẹn ń tọ́jú ẹni tí nǹkan bá. Àwa ń wádìí ìdí tó fi jẹ́ pé irú àwọn èèyàn kan náà ló máa ń bá ṣáá.

Ìwé tí o yá á ti sọ fún ọ pé Auguste Comte, ará Faransé, ni bàbá ẹ̀kọ́ yìí. Òun ló sọ ọ́ lórúkọ lóòótọ́, lọ́dún 1838. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí ó tó lórúkọ, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni: Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Tunis lọ́dún 1332. Nínú Muqaddimah, ìwé tó kọ lọ́dún 1377, ó béèrè ohun tó ń mú kí ìjọba ńlá wó. Ó ní àwọn tó ń gbé nínú ìnira aginjù máa ń fara mọ́ra gan-an, asabiyyah ló pe ìfaramọ́ra yẹn, òun ló sì ń jẹ́ kí wọ́n lè ṣẹ́gun ìlú ọlọ́rọ̀. Bí wọ́n bá ti jókòó sórí oyè tí wọ́n ń jẹ adùn, ìfaramọ́ra náà á máa dẹ̀ láti ìran dé ìran, títí àwọn mìíràn tí ìnira ṣì so pọ̀ á fi dé láti ìta gba ipò wọn. Kò sí ọlọ́run kan tó bínú, kò sí èpè nínú àlàyé yẹn. Bí a ṣe ń gbé ló fà á. Àwọn baba ńlá wa tó sá gun orí òkè nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe ń kó wọn lẹ́rú á mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ nípa ìyà àjọjẹ.

Ẹ̀yìn èyí ni mo fẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ ẹni tó tọ̀nà, torí ibẹ̀ ló máa ń da àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ láàmú jù. Wọ́n á máa wá ọ̀gá tí wọ́n máa tẹ̀ lé, bí ẹni tó fẹ́ gba káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú. Lójú tèmi, ìbéèrè ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀gá wọ̀nyí gbé lé wa lọ́wọ́, ọ̀ràn kan ṣoṣo sì lè gba gbogbo ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́ ká mú ohun kan tí o ti fojú ara rẹ rí, ká máa bi í.

Ìyá àgbà kan kú lágbègbè yín. Wọ́n gbé e lọ sí mọ́ṣúárì, ó wà níbẹ̀ títí àwọn ọmọ tó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun fi fẹnu kò lórí ọjọ́. Wọ́n kun ilé tí ẹnikẹ́ni ò ronú àtikùn nígbà tí ìyá wà láàyè. Wọ́n mú aṣọ ẹbí, ti àwọn ọmọ yàtọ̀, ti àwọn àna yàtọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àìsùn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìsìn, màlúù, kánópì tó dí ojú títì, iyán tí àwọn obìnrin ilé ti ń gún láti ìdájí.

Émile Durkheim, ará Faransé tí wọ́n bí lọ́dún 1858, á wò yíká, á béèrè pé kí ló so àwọn èèyàn yìí pọ̀. Nínú ìwé tó kọ lórí ẹ̀sìn lọ́dún 1912, ó ní ẹkún ọ̀fọ̀ kì í kàn ṣe ìbànújẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń tú jáde; ojúṣe tí ẹgbẹ́ gbé lé èèyàn lọ́rùn ni. Ìyàwó tí òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ kò kí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣì máa sunkún lọ́jọ́ náà, bí kò bá sì sun ún, ojú tí àwọn obìnrin ilé máa fi wò ó tó ìyà. Agbo ilé ti pàdánù ẹnì kan. Ó ní láti kó ara rẹ̀ jọ, kó fi han ara rẹ̀ pé òun ṣì wà. Ohun tí Durkheim máa rí lábẹ́ kánópì nìyẹn.

Lójú tirẹ̀, àwùjọ ní agbára tó dá dúró lọ́tọ̀ sí ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni, agbára tó ń ti èèyàn láti ẹ̀yìn. Ó mú ẹ̀rí wá lọ́dún 1897, nínú ìwé lórí àwọn tó ń pa ara wọn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀ràn yẹn ni: ta ni kò ní sọ pé ìpinnu inú ọkàn ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn? Ó wo àkọsílẹ̀ àwọn ìjọba Yúróòpù, ó rí i pé iye náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà lọ́dọọdún nínú orílẹ̀-èdè kan, àmọ́ ó yàtọ̀ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́. Ó pọ̀ láàárín àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ju àwọn Kátólíìkì lọ, ó pọ̀ láàárín àpọ́n ju àwọn tó ní aya àtọmọ lọ, ó sì ń dín kù nígbà ogun. Bí ọrọ̀ ajé bá dojú rú, ó ń pọ̀ sí i. Bí owó bá sì ya wọ ìlú lójijì, ó tún ń pọ̀ sí i, torí ìlànà tó ń sọ fún èèyàn ibi tí ìfẹ́ rẹ̀ yẹ kó dúró sí ti já. Anomie ló pe ipò yẹn. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti tú àkọsílẹ̀ tó lò wò, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àwọn Kátólíìkì máa fi irú ikú bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ìjọba. Àtakò gidi ni. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ọkùnrin náà là, àwa náà ló ń tọ̀.

Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1893 ló wù mí jù fún ilẹ̀ wa. Ó ní nílùú kékeré, ohun tó ń so èèyàn pọ̀ ni pé wọ́n jọra: gbogbo yín ń dáko, iṣu kan náà, òjò kan náà, ẹ lè ṣe àáró fún ara yín torí iṣẹ́ oko mi ni iṣẹ́ oko rẹ. Nílùú ńlá, ìyàtọ̀ ló ń so wọ́n pọ̀: dókítà kò lè yan búrẹ́dì, ẹni tó ń yan búrẹ́dì kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Durkheim gbà pé èyí èkejì ló máa gbapò lọ́wọ́ èkíní. Wàyí o, lọ sí Àbújá ní ọjọ́ Sunday tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá ń ṣe mítìn, kí o wo lọ́yà, awakọ̀ àti oníṣirò owó tí wọ́n jókòó pọ̀ torí pé ìlú kan náà ni wọ́n ti wá, tí wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó pẹ́ dé. Èkíní kò kú. Ó wọ mọ́tò lọ sí Àbújá ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ ìrònú Durkheim di ilé-ẹ̀kọ́ ńlá, ìyẹn ẹgbẹ́ onímọ̀ tí ìrònú wọn bára mu, tí ìwé rẹ ń pè ní functionalism. Herbert Spencer, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ ṣáájú pé àwùjọ dà bí ara tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Talcott Parsons gba ibẹ̀ kọ àwọn ìwé tó nípọn, tí mi ò ní tan ọ́ pé ó dùn ún kà. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Robert Merton, ni kí o dì mú. Lọ́dún 1949, ó ya iṣẹ́ tí àwọn èèyàn mọ̀ pé ohun kan ń ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tó ń ṣe láìjẹ́ pé wọ́n pète rẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni àwọn Hopi ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣe ètùtù òjò: bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀, ètùtù náà ti kó àwọn tó fọ́n káàkiri jọ. Gbé e wá síbi ìsìnkú wa. A ní a fẹ́ sin ìyá. Lábẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ìbátan tí wọn kò mọ ara wọn rí ti mọ ara wọn, wọ́n ti dá ẹjọ́ ilẹ̀ kan níkọ̀kọ̀, ọmọ kan tó ń wáṣẹ́ ti gba nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n tó lè mú un wọlé síbi kan.

Àléébù ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni pé ó máa ń rí ìdí rere fún gbogbo ohun tó bá ti wà nílẹ̀. Lọ́dún 1945, Kingsley Davis àti Wilbert Moore kọ ọ́ pé àìdọ́gba owó oṣù ń ṣe àwùjọ láǹfààní, torí ó ń fa àwọn tó mọṣẹ́ síbi iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù. Kí wọ́n wá wo owó oṣù olùkọ́ lọ́dọ̀ wa.

Karl Marx kò ní jókòó sábẹ́ kánópì. Ẹ̀yìn ilé ló máa gbà, síbi tí wọ́n ti ń kun màlúù, á béèrè ẹni tó rà á àti ibi tí owó ti wá. Ará Jámánì ni, wọ́n bí i lọ́dún 1818. Lọ́dún 1848, òun àti Friedrich Engels kọ ọ́ pé ìtàn gbogbo àwùjọ títí di ìgbà tiwọn jẹ́ ìtàn ìjà láàárín àwọn ẹgbẹ́ tí ipò wọn kò dọ́gba. Apá àkọ́kọ́ nínú Das Kapital jáde lọ́dún 1867. Ẹni tó ni irinṣẹ́ àti ilé iṣẹ́ wà lápá kan. Ẹni tí kò ní nǹkan kan tó lè tà ju agbára ọwọ́ rẹ̀ lọ wà lápá kejì. Èrè ń ti ọ̀dọ̀ èyí ṣàn lọ sọ́dọ̀ tọ̀hún.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àwọn ọmọ ìyá tó kú ti pín ìnáwó ìsìnkú láàárín ara wọn. Ìpín ọmọ tó ń dáko nílé dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Houston. Níbo ló ti máa rí i? Ó lọ bá oníkajú, ẹni tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Oníkajú fún un lówó kí igi tó tanná, wọ́n sì mú iye tí wọ́n máa gbà lórí kílò kan. Bí kajú bá wọlé ní nǹkan bí oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún, tí owó rẹ̀ sì ti fò sókè, iye tí wọ́n ti mú tẹ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọ́n kí o wò ó dáadáa. Òṣùwọ̀n, ti oníkajú ni. Ó fọwọ́ bọ inú àpò, ó bu díẹ̀ jáde, ó mi ín létí, ó ní èyí ṣì tutù, ó yọ kílò kan ààbọ̀ kúrò. Àgbẹ̀ wo ojú òṣùwọ̀n, ó wo ojú ọkùnrin náà, kò sọ̀rọ̀, torí gbèsè ló wà láàárín wọn. Oníkajú yìí náà kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ó ní ọ̀gá ní Èkó tó ń fún un lówó, ọ̀gá Èkó ń retí ìpè láti Vietnam tàbí India, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ púpọ̀ nínú kajú ilẹ̀ wa. Bí a bá tọ owó náà títí dé òpin, ẹni tó gbin igi ni èyí tó kéré jù kàn.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé Marx kò kàn wá, pé àgbẹ̀ wa ló ni ilẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Manchester. Òótọ́ ni ìdajì rẹ̀. Ilẹ̀ ìdílé wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ tí kò ní òṣùwọ̀n, tí kò ní sítọ́ọ̀, tí kò lè dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tajà, kí ló ní gan-an? Marx á tún fi ohun kan kún un nípa ìsìnkú wa: ẹ̀yẹ tí a ń pè é ló ń bo gbèsè mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dìde níbi ìpàdé ẹbí sọ pé ‘mi ò lówó,’ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti di bóyá o fẹ́ràn ìyá rẹ tàbí o kò fẹ́ràn rẹ̀.

Max Weber, ará Jámánì bákan náà, tí wọ́n bí lọ́dún 1864, kà Marx dáadáa kó tó yapa. Ó gbà pé owó lágbára, àmọ́ ó ní iyì ní agbára tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni agbára tí ẹgbẹ́ òṣèlú ń fúnni. Ìwọ náà mọ olùkọ́ fẹ̀yìntì tí kò lówó lọ́wọ́ tí gbogbo ilé ń dìde fún, o sì mọ olówó tí wọ́n ń kí nítorí owó nìkan. Ìbéèrè Weber ni pé: kí ni ẹni tó ń ṣe nǹkan yìí rò pé òun ń ṣe? Títí a ó fi mọ ìtumọ̀ tí ọmọ tó jẹ gbèsè fún màlúù rí nínú màlúù náà, a ò tíì lóye nǹkan kan.

Lọ́dún 1904 àti 1905, ó kọ ọ́ pé ìgbàgbọ́ àwọn Kírísítẹ́nì kan, pàápàá àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, wà lára ohun tó mú kí àwọn oníṣòwò Yúróòpù máa ṣiṣẹ́ kára, kí wọ́n má sì ná èrè wọn ní ìnákúnàá. Ọ̀kan nínú ìbéèrè tó dùn ún bi ní Ìyàgbà nìyẹn. Tommy Titcombe, ará Kánádà tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SIM rán, dé Egbe lọ́dún 1908. Ilé ìwòsàn àti ilé-ìwé tẹ̀ lé ìjọ. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé àwa ará Okun fẹ́ràn ìwé. Ṣé ìgbàgbọ́ tuntun náà ló yí ojú tí àwọn bàbá wa fi ń wo iṣẹ́ àti àkókò padà, àbí ilé-ìwé kàn sún mọ́ wọn ju àwọn mìíràn lọ ni? Bí o bá fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá lọ́dún kẹrin, ibẹ̀ tó ọ.

Weber ló tún pín àṣẹ sí oríṣi mẹ́ta: ti àṣà, ti ẹni tí ẹ̀bùn ara rẹ̀ ń fa èèyàn, àti ti òfin. Ọbaro Kàbà, wòlíì orí òkè, alága ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé á kọ́ ọ bíi pé wọn kì í pàdé. Nílé wa, ọba tí àṣà fi jẹ ṣì ń dúró de gómìnà kó fún un ní ọ̀pá àṣẹ, alága tí òfin yàn ń lọ kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wòlíì kí ìbò tó dé.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó kù wá láti Amẹ́ríkà, òun ló sì sún mọ́ ilẹ̀ jù. Yunifásítì Chicago dá ẹ̀ka Sosiọ́lọ́jì sílẹ̀ lọ́dún 1892, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sígboro. Kí n sọ èyí gba ẹ̀gbẹ́ kan: ìwé rẹ lè má dárúkọ W.E.B. Du Bois, aláwọ̀ dúdú tó ti ń kan ilẹ̀kùn ilé dé ilé ní Philadelphia ṣáájú wọn, tó tẹ The Philadelphia Negro jáde lọ́dún 1899, tó sì kú sí Accra lọ́dún 1963. Wọ́n fojú fò ó dá fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ìdí kan ju àwọ̀ ara rẹ̀ lọ.

George Herbert Mead ní Chicago sọ pé èèyàn kì í bí ìmọ̀lára ‘èmi’ mọ́ra. Ojú tí àwọn ẹlòmíràn fi ń wò ó ló ti ń kọ́ ọ. Herbert Blumer sọ ìrònú yẹn ní symbolic interactionism lọ́dún 1937. William Thomas ti sọ gbólóhùn tí ìwọ náà máa bá nínú ìdánwò: bí àwọn èèyàn bá gbà pé nǹkan kan jẹ́ òótọ́, ohun tó máa tìdí rẹ̀ yọ á jẹ́ òótọ́. Lọ́dọ̀ wa, bí ìlú bá gbà pé àjẹ́ ni ìyá arúgbó kan, kò ní sẹ́ni tó máa ra ata rẹ̀ mọ́, ebi tó máa pa á sì jẹ́ ebi gidi. Lẹ́yìn wọn ni Erving Goffman, ẹni tó gbé lérékùṣù Shetland ní Scotland, tó ń wo bí àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ṣe ń yí ìwà padà bí wọ́n bá ti kúrò ní kíṣìnnì wọ yàrá oúnjẹ. Ó ní gbogbo wa ní iwájú àti ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wo àkọ́bí bó ṣe ń jó bọ̀ nínú aṣọ ẹbí, tí onígbohùngbohùn ń kì í, tí wọ́n ń ná owó sí i lórí. Lẹ́yìn náà, tẹ̀ lé e wọ yàrá: ó ti bọ́ fìlà, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bẹ alásè pé kó gba ìdajì, kó dákun dúró di òpin oṣù. Ẹnì kan náà ni. Durkheim kò rí inú yàrá yẹn.

Àwọn obìnrin ló wá béèrè ohun tí gbogbo bàbá wọ̀nyí fò: ta ló ń gún iyán? Ìyẹn náà ti di ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kan, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, tú u palẹ̀ lọ́nà mìíràn lọ́dún 1997 nínú The Invention of Women. Ó ní kí òyìnbó tó dé, ẹni tó dàgbà àti ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni Yorùbá fi ń tò èèyàn, kì í ṣe akọ tàbí abo. Ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé lánàá ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ní ọkọ, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i. Àwọn onímọ̀ kan bá a jiyàn gidigidi. O ò nílò láti gbára lé ìwé lórí èyí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wo ẹni tó ń gúnyán àti ẹni tó jókòó tó ń pàṣẹ láàárín àwọn obìnrin fúnra wọn, àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ osú, ìyẹn àwọn obìnrin tí wọ́n bí sínú ilé náà, kí o sì wá bóyá ọkùnrin kankan wà nídìí odó.

Má jẹ́ kí wọ́n tàn ọ́ pé òyìnbó nìkan ló ronú. N. A. Fádípẹ̀ ti kọ iṣẹ́ lórí ètò àwùjọ Yorùbá ní London lọ́dún 1939. Ó kú kó tó di ìwé, ọdún 1970 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Akínṣọlá Akìwọwọ ní Ifẹ̀ mú ẹsẹ Ifá, ó fa ìmọ̀ yọ nínú rẹ̀. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe lọ́dún 1980 ló ti sọ̀rọ̀ lórí àjọbí àti àjọgbé: ìdè ẹ̀jẹ̀, àti ìdè àwọn tó kàn ń gbé ojú kan láìjẹ́ ẹbí. Àgbẹ̀ Ebira tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa, Ìgbò tó ń ta pààtì ọkọ̀ ní Kàbà, Fúlàní tí màlúù rẹ̀ wọ oko, àjọgbé ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nínú wàhálà wa lónìí ló sì jẹ́ pé òfin àjọbí nìkan la mọ̀ ọ́n lò.

Peter Ekeh ló kọ èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti apá ibí wa wá. Urhobo ni, ó kọ́ni ní Ìbàdàn, àròkọ rẹ̀ jáde lọ́dún 1975. Ó ní gbangba méjì ló wà ní Áfíríkà. Ọ̀kan ni gbangba ìlú àti ẹ̀yà, níbi tí ẹ̀rí ọkàn ti ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni gbangba ìjọba, tí a jogún lọ́wọ́ amúnisìn, níbi tí kò sí ẹ̀rí ọkàn kankan. Wo akápò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ó ń kọ náírà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó ń ka ìwé ìnáwó fáyé gbọ́ lọ́jọ́ Kérésì, torí bó bá jẹ owó kíláàsì mẹ́ta tí a ń kọ́, ibo ló máa gbé òkú ìyá rẹ̀ wá? Ọkùnrin kan náà di kánsílọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó títì pòórá, a sì fi í jẹ oyè torí pé ó fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn fún ìlú. Olè kọ́ la máa pè é, ọmọ tó mọ ilé ni.

Ẹkùn wa á tètè lóye Ekeh. Ajẹ́lẹ̀ Nupe ló ń gba owó òde kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí ọmọ ogun Royal Niger Company, iléeṣẹ́ ìṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lé àwọn Nupe kúrò ní Kàbà lọ́dún 1897, owó orí mìíràn ló tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni ‘ìjọba’ ti jẹ́ nǹkan tó ń ti ìta wá gbà. Ibi tí mo ti bá Ekeh yapa ni pé owó ẹgbẹ́ ìlú náà ti ń pòórá báyìí níbòmíì. Ààlà gbangba méjèèjì kò le bíi ti ọdún 1975 mọ́.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló kù. Sosiọ́lọ́jì kò ní so ọ́ mọ́ iṣẹ́ kan pàtó bíi ti nọ́ọ̀sì, kí bàbá rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa fún ọ ni pé wàá mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ 500 èèyàn kí ìdáhùn wọn lè ní láárí, bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà. Àjọ tó ń kànìyàn àti àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ nílò irú wọn. Láti ọdún 2006 ni wọn kò ti ka orílẹ̀-èdè yìí, bó bá sì di ọjọ́ kan wọ́n á nílò ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ ní báńkì àti ilé iṣẹ́, àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ìwòsàn, àwọn tó ń wádìí ọjà, gbogbo wọn ń gbà wọ́n. Bí o bá fẹ́ dà yàtọ̀, kọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò láti ọdún kejì, má dúró de ìgbà tí olùkọ́ máa fipá mú ọ. Bí Lọ́ọ̀ bá ṣì ń wù ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ yìí lè mú ọ wọlé síbẹ̀ nípasẹ̀ Direct Entry, wàá sì ti mọ ohun tí òfin ń ṣe fún èèyàn kí o tó kọ́ òfin fúnra rẹ̀.

Kí ilé-ìwé tó wọlé, ka orí àkọ́kọ́ nínú ìwé Mills, kò gùn, lẹ́yìn náà àròkọ Ekeh. Fi Parsons sílẹ̀ di ọdún kẹta. Bí mítìn ìlú bá sì ṣẹlẹ̀ kí o tó lọ, jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé kékeré kan, kọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti iye ìgbà tó sọ ọ́, ẹni tí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n dìbò lé àti ohun tí wọ́n ti parí nílé ẹnì kan kí mítìn tó bẹ̀rẹ̀. Gbé e wá fún olùkọ́ rẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ kọ́kọ́ wọ orí CAPS, ojú-òpó tí JAMB ti ń jẹ́ kí èèyàn gba àyè tàbí kọ̀ ọ́, kí o gba àyè náà. Ó ní gbèdéke.